Omi ni ó ń pa ọ́kíìdì inú ilé wa, kì í ṣe òǹgbẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti Peckham, ní gúúsù-ìlà-oòrùn London, ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde kí Ọjọ́ Ìyá tó dé, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ kan ẹ̀bùn tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní ìlú yìí yóò rà fún ìyá wọn lọ́jọ́ náà. Òdòdó ọ́kíìdì ni ẹ̀bùn náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ Ìsinmi kẹrin nínú Lẹ́ńtì ni Ọjọ́ Ìyá, oṣù Ẹrẹ́nà ni ó sì sábà máa ń bọ́ sí. Ilé ìtajà ńlá tí ènìyàn bá wọ̀ lọ́sẹ̀ náà, yóò bá ọ́kíìdì lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n fi bébà dídán wé, tí òdòdó orí rẹ̀ funfun tàbí tí ó ní àwọ̀ àlùkò. Nígbà tí ó bá fi di oṣù Òkúdù, inú àpótí ìdọ̀tí ni mo ti ń rí wọn ní òpópónà wa, tìkòkò-tìkòkò, tewé-tewé. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí à ń jù nù náà kò tíì kú.

Ọmọ mi Kẹ́hìndé ni ó ra àkọ́kọ́ fún mi, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Òdòdó mẹ́sàn-án ni ó wà lórí rẹ̀, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó lé ní oṣù méjì. Nígbà tí wọ́n rẹ̀ tán, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ, ó rọ, ó dà bí awọ bàtà àtijọ́. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bàbá mi gbin kòkó ní agbègbè Oǹdó, ohun tí a sì mọ̀ láti kékeré ni pé ewé tí ó bá rọ, omi ni ó ń wá. Mo bomi rin ín. Ó tún rọ sí i, mo tún bomi rin ín. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mìíràn ni ewé ìsàlẹ̀ kan bá já sí mi lọ́wọ́, òórùn kan sì jáde láti inú ìkòkò náà bí òórùn omi tí a rẹ ẹ̀gẹ́ sí fún fùfú.

Ìgbà yẹn ni mo tó yẹ inú rẹ̀ wò. Ìkòkò méjì ni ó wà nínú ara wọn. Èyí tí ó wà lóde jẹ́ tánganran tí ó rẹwà, kò sì ní ihò kankan nísàlẹ̀. Gbogbo omi tí mo ti ń bù sí i láti ọjọ́ yìí wá dúró síbẹ̀, ó jìn tó ìka méjì, ike tí ọ́kíìdì gan-an wà nínú rẹ̀ sì jókòó sínú omi náà. Mọ́ọ̀sì, ewéko múlọ́múlọ́ kan tí ó máa ń gba omi dúró, ni wọ́n kì mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ pinpin, ó tutù rinrin. Bí mo ti fi ọwọ́ kan gbòǹgbò kan, awọ rẹ̀ yọ kúrò pátápátá, ó ku fọ́nrán kan tín-ínrín bí òwú. Òǹgbẹ ni ewé yẹn ń fi hàn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òǹgbẹ ẹni tí ó wà nínú odò tí kò lẹ́nu ni. Gbòǹgbò tí ó yẹ kí ó fa omi lọ sókè ti jẹrà nítorí pé kò rí afẹ́fẹ́ mí. Bí mo ti ń bomi sí i ni ó ń jẹrà sí i, bí ó sì ti ń jẹrà sí i ni ewé ń rọ sí i, tí èmi náà tún ń sáré lọ bu omi wá.

Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tí mo ṣe sí i láìsọ irú ọ̀gbìn tí ó jẹ́. Oríṣi ọ́kíìdì pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé ìtajà ni wọ́n ń pè ní Phalaenopsis. Onímọ̀ ewéko kan, Carl Ludwig Blume, ni ó fún un ní orúkọ náà ní ọdún 1825. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì ni ohun tí ó jọ àfòpiná, ẹni tí ó bá sì ti rí òdòdó náà tí ó na apá méjèèjì lórí ọ̀pá rẹ̀ yóò mọ ìdí rẹ̀. Inú igbó Éṣíà tí ó móoru ni ilé rẹ̀, láti Filipínì àti Indonéṣíà títí dé àríwá Ọsirélíà. Kì í gbé nínú ilẹ̀. Ara igi ni ó máa ń dì mọ́, lókè, lábẹ́ ìbòòji ewé igi náà.

Yorùbá tí ó bá rí i níbẹ̀ yóò sọ pé àfòmọ́ ni, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. A ṣáà mọ̀ pé àfòmọ́ kò lẹ́gbò, igi gbogbo ní í bá tan. Bàbá mi kì í jẹ́ kí àfòmọ́ pẹ́ lórí kòkó rẹ̀, àdá ni ó fi ń gé e, torí pé àfòmọ́ a máa ti ẹnu bọ inú ẹ̀ka tí ó gbé e, a sì máa fa oúnjẹ igi náà mu. Ọ́kíìdì kò rí bẹ́ẹ̀. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ igi ju ibi ìjókòó lọ. Ó ní gbòǹgbò tirẹ̀, ìta gbangba sì ni gbòǹgbò náà wà, lára èèpo igi, níbi tí òjò ti ń rọ̀ sí i tí atẹ́gùn sì ń gbẹ ẹ́ láìpẹ́. Ohun funfun kan bo gbòǹgbò náà bí kànìnkànìn. Bí omi bá kàn án, yóò fà á mu lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó bá gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ a dà bí fàdákà, nígbà tí ó bá sì mu omi, a di àwọ̀ ewé, nítorí gbòǹgbò náà, bí ewé, a máa fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí ike inú lọ́hùn-ún fi máa ń mọ́ gaara tí a ń rí inú rẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run dá sínú atẹ́gùn ni a wá ń rì sínú omi tánganran.

Ilẹ̀ tiwa náà kò ṣàìní ọ́kíìdì. Ọ̀kan wà tí ó máa ń gbé lára ọ̀pẹ, òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ní àmì dúdú-dúdú lára bí awọ ẹkùn. Ansellia africana ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, nítorí pé John Ansell ni ó rí i ní erékùṣù Fernando Po, tí a ń pè ní Bioko lónìí, ní ọdún 1841. Mo rántí pé a rí irú rẹ̀ lára ọ̀pẹ kan ní oko wa. Bàbá mi kò fi àdá kàn án. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ nígbà náà, ó ní kò ṣe ọ̀pẹ ní nǹkan.

Mo padà sórí ohun tí mo ṣe, tí mo sì ti ń ṣe láti ìgbà náà. Mo gbé ọ̀gbìn náà àti mọ́ọ̀sì rẹ̀ sínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20, kí gbòǹgbò tí ó ṣì yè lè rọ̀, kí ó má baà kán mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wá ń fi ìka yọ mọ́ọ̀sì náà díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń tú irun ọmọdé tí ó ta kókó. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ni mo ti bá ohun tí n kò retí: àpò kékeré kan tí wọ́n fi àwọ̀n ṣe, tí mọ́ọ̀sì àtijọ́ kún inú rẹ̀, tí ó sì fún ìdí ọ̀gbìn náà pọ̀. Ó yé mi lẹ́yìn náà pé inú rẹ̀ ni wọ́n gbin ín sí nígbà tí ó ṣì kéré, tí wọ́n sì ń gbé e láti ìkòkò kékeré bọ́ sí ńlá láìyọ àpò náà. Ibẹ̀ ni ó máa ń pẹ́ jù kí ó tó gbẹ, ibẹ̀ ni ìjẹrà sì sábà máa ń gbà wọlé. Àlùmọ́gàjí ni mo fi rẹ́ àwọ̀n náà kí n tó lè yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ìkòkò tí kò wá àpò yìí láàárín gbòǹgbò, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni yíyẹ gbòǹgbò wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rọ ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é pé kí ó fara balẹ̀, kí ó má fi àwọ̀ nìkan dá gbòǹgbò lẹ́jọ́. Èyí tí kò rí ìmọ́lẹ̀ nínú ìkòkò lè dà bí ẹni pé ó ti pọ́n, mọ́ọ̀sì sì lè pa á láró, síbẹ̀ kí ó yè. Ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó bá le nígbà tí a fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó yè. Èyí tí ó bá rọ̀ tí omi sì ń jáde lára rẹ̀, tàbí tí inú rẹ̀ ṣófo bí oparun, ó ti kú. Mo gé gbogbo èyí tí ó kú títí mo fi kan ibi tí ó yè. Nínú gbòǹgbò tí ó lé ní ogún, márùn-ún péré ni ó ṣẹ́kù. Mo ti fi sípíríìtì nu àlùmọ́gàjí náà kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń nù ún kí n tó gbé e kan ọ̀gbìn mìíràn, nítorí pé àwọn àrùn àìfojúrí kan wà tí wọ́n máa ń gba ẹnu abẹ ti inú ọ́kíìdì kan bọ́ sí òmíràn, kò sì sí oògùn tí ó ń wò wọ́n. Àwọn kan a máa da lúbúlúbú sínámọ́nì sí ojú ibi tí wọ́n gé. Èmi kì í dà á sára gbòǹgbò, nítorí ó máa ń gbẹ gbòǹgbò tí ó yè pẹ̀lú èyí tí ó kú.

Mo tún gé ọ̀pá òdòdó rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì tutù, ìyẹn sì dùn mí. Ọ́kíìdì tí ara rẹ̀ le lè tún rudi lára ọ̀pá àtijọ́ bí a bá gé e sí òkè oríkèé kejì láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ku márùn-ún kò lágbára láti gbé òdòdó. Mo tẹ́ ẹ sórí bébà níbi tí oòrùn kò dé, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè gbẹ.

Nípa ìkòkò tuntun, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé ènìyàn a ra ńlá, bí ẹni pé ó ń rán aṣọ fún ọmọ tí yóò dàgbà sínú rẹ̀. Ìkòkò tí ó tóbi ju gbòǹgbò lọ yóò tutù láàárín fún ọjọ́ pípẹ́, ìjẹrà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Inú ike sẹ̀ǹtímítà 12 ni tèmi wà tẹ́lẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 9 ni mo gbé e bọ́ sí, èyí tí ó mọ́ gaara tí ihò sì pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Èèpo igi páìnì ni mo fi kún un, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó èékánná àtàǹpàkò, tí mo ti rẹ sínú omi mọ́jú. Mo ń gbọn ike náà díẹ̀díẹ̀ kí èèpo lè bọ́ sáàárín gbòǹgbò, n kò kì í mọ́lẹ̀, n kò sì jẹ́ kí èèpo bo ibi tí ewé ti ń yọ. Erùpẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Erùpẹ̀ tí ó ń mú iṣu ta dáadáa ni yóò pa ọ́kíìdì. Èèpo igi náà kì í wà títí láé: láàárín ọdún kan sí méjì yóò ti máa jẹrà, yóò di wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀, ìgbà yẹn ni a ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí òdòdó bá ti rẹ̀ tán tí gbòǹgbò tuntun sì ń yọ ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n bí gbòǹgbò bá ti ń rùn, a kì í dúró de ìgbà kankan.

Fún àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn yín ní Èkó tàbí Ìbàdàn, tí wọ́n rà á nínú àwọn ilé ìtajà tí ń kó o wọlé láti òkè òkun, èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú èédú ṣeé lò dípò èèpo páìnì. Kí wọ́n rẹ èèpo àgbọn náà, kí wọ́n sì da omi rẹ̀ nù léraléra, nítorí iyọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. Ojú ọjọ́ Èkó jọ ti ilé ọ̀gbìn yìí ju ti ilé mi lọ. Abẹ́ ìbòòji ní ìta yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn ju yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí i lọ, kí wọ́n sì fojú sí i nígbà ọyẹ́.

Ìtọ́jú tí ó kù kò ṣòro. Mo dúró fún bí ọjọ́ mẹ́rin kí n tó bomi rin ín, kí ojú ibi tí mo gé lè jinná. Láti ìgbà náà, àwọ̀ gbòǹgbò ni mo ń wò: bí ó bá dà bí fàdákà, mo gbé ike náà sínú omi fún bí ìṣẹ́jú 15, mo gbé e jáde, mo jẹ́ kí ó ro tán pátápátá kí n tó dá a padà, bí ó bá ṣì ní àwọ̀ ewé, n kò kàn án. Èyí sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní ilé mi. Omi tí ó bá dúró sí àárín ewé lókè, mo máa ń nù ún kúrò, torí pé ó lè mú ọkàn rẹ̀ jẹrà. Ajílẹ̀ ọ́kíìdì tí mo ń lò, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ ni mo ń bù. Fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà oòrùn ni mo gbé e sí, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án tí ti ọ̀sán kò sì dé, ó sì jìnnà sí ẹ̀rọ amúlémóoru.

Ìparí oṣù Agẹmọ ni mo ṣe iṣẹ́ yìí. Odidi oṣù méjì ni kò fi sí ìyàtọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà ni mo rí i lára ike, ṣóńṣó gbòǹgbò tuntun kan, tí ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ewé tí ó ti hunjọ kò nà mọ́, ṣùgbọ́n ewé tuntun yọ láàárín wọn, ó dúró ṣinṣin. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, ó ti ní gbòǹgbò tó láti kún ike rẹ̀. Ohun tí ó máa ń mú un yọ ọ̀pá òdòdó ni òtútù díẹ̀ lóru, bí ìwọ̀n 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà, nínú oṣù Ọ̀wàrà, mo fi í sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé nínú yàrá tí a kì í mú gbóná. Ọ̀pá yọ nínú oṣù Bélú. Nígbà tí oṣù Èrèlé yóò fi parí, tí ó jẹ́ oṣù 19 lẹ́yìn tí mo gbé e jáde láti inú omi, ó tanná. Òdòdó mẹ́ta péré ni. Mo pe Kẹ́hìndé lórí fóònù kí ó wá wò wọ́n kí ó tó lọ síbi iṣẹ́.

Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ìjọ wa ti ń gbé tiwọn wá fún mi. Mo ti tú mẹ́rìnlá, mẹ́wàá sì wà láàyè. Mẹ́rin tí ó kú, kò sí gbòǹgbò kankan lára wọn mọ́ nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fi wọ́n sínú ọ̀rá tí ó mọ́ gaara pẹ̀lú mọ́ọ̀sì tí ó tutù díẹ̀, bóyá wọn yóò lè ta gbòǹgbò, n kò sì rí i ṣe. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má dúró di ìgbà tí gbogbo ewé bá já kí wọ́n tó wá.

N kò bá àwọn tí ó ń gbin ín ní Nẹ́dálándì àti Taiwan jà. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́ ọ́ nínú ilé gíláàsì kí ó tó rudi, mọ́ọ̀sì náà sì wúlò fún wọn, nítorí kì í jẹ́ kí ó gbẹ lójú ọ̀nà. Àwọn tí ó ń tà á fún wa ni mo ní ẹ̀sùn sí. Wọ́n mọ̀ pé ìkòkò tánganran náà kò nihò. Ìwé pélébé tí wọ́n fi há a sọ pé kí a máa bomi rin ín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò sì sọ pé kí a gbé ike inú rẹ̀ jáde kí a tó bomi, tàbí pé kí a da èyí tí ó bá dúró sísàlẹ̀ nù. Gbólóhùn kan péré ni ìyẹn. Wọ́n tún ń ta ọ́kíìdì búlúù ní owó tí ó ju ti ìyókù lọ, wọn kì í sì í sọ fún ẹni tí ń rà á pé aró ni wọ́n fà sínú ọ̀pá rẹ̀, àti pé òdòdó tí yóò yọ lẹ́yìn náà yóò padà sí funfun. Ìyá àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa rò pé òun ni òun ṣe é tí àwọ̀ rẹ̀ fi bọ́. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Ta ni ó yẹ kí ó ti ṣàlàyé fún un?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí ilé ìtajà lu ihò sí ìsàlẹ̀ ìkòkò náà, tàbí kí wọ́n kọ gbólóhùn kan yẹn sínú ìwé pélébé wọn. Mo ti kọ irú lẹ́tà yìí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, sí èyí tí ó sún mọ́ wa jù. Bí wọ́n bá dá mi lóhùn, n ó tún kọ̀wé sí yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ìbejì,
Peckham, London